Bí Yọjú-sí-Fọ́tò Ṣe Bo Ojú Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá jẹ́ mínísítà, tàbí tí ẹ ń retí àtidi mínísítà, ẹ pa ìwé yìí dé kí ẹ lọ sinmi, torí ẹ̀jẹ̀ yín lè ru. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fà mọ́ra. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ìròyìn. Kò ga, kò sì kúrú, àmọ́ bó bá ti rí kámẹ́rà báyìí, ọrùn rẹ̀ a gùn sí i. Àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Òkè-Ńlá-tó-ń-Fọhùn. Àwọn tí kò jẹun lábẹ́ rẹ̀, àwọn ló sì pọ̀ jù, ń pè é ní Yọjú-sí-Fọ́tò.

Orúkọ kejì yìí kì í ṣe èébú. Láti ìgbà tí Olórí ìjọba ti gorí àga, kò sí fọ́tò kan tí wọ́n yà á tí ojú mínísítà yìí kò sí níbẹ̀. Olórí ń gba àlejò, ojú Yọjú wà léjìká òsì rẹ̀. Olórí ń gbin igi, Yọjú ń wò láàárín ewé. Olórí lọ kí aláìsàn kan nílé ìwòsàn. Aláìsàn náà lajú, ojú Yọjú ló kọ́kọ́ rí, ló bá tún dákú. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ìyẹn, èmi kò sí níbẹ̀. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é: yóò kọ́kọ́ ti èjìká ọ̀tún wọlé bí ẹni ń wá ọ̀nà kọjá, ọrùn yóò tẹ̀lé e, ẹ̀rín yóò sì gbẹ̀yìn. Kí oníkámẹ́rà tó ṣẹ́jú, ó ti wà níbẹ̀.

Ohun tó ń wá kò pamọ́. Àga Igbákejì Olórí ṣófo, torí ẹni tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nítorí àìsàn, Olórí sì ti sọ pé ọjọ́ àyájọ́ ọdún kẹwàá ìjọba òun lòun máa dárúkọ ẹni tó máa gbapò rẹ̀. Yọjú ti yọ́ lọ jókòó sórí àga náà nígbà tí àwọn tó ń gbálẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì rí i pé ìdí òun bá a mu wẹ́kú. Láti ọjọ́ náà, kò sí àga mìíràn tó tún rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ohun tó wá kù ni iṣẹ́ rere kan tí gbogbo ayé máa rí kí ọjọ́ àyájọ́ tó pé. Ló bá rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, àdúgbò tí omi kò dé ló sì ń gbé. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ ẹ́. "Àbúrò mi, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orí ni mo ṣì fi ń ru omi. Ṣé o fẹ́ kí ọrùn mi wọnú àyà mi lọ ni?" Yọjú a ní òun ti gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì ní kí wọ́n fa ẹ̀rọ omi lọ síbẹ̀ kíákíá.

Ẹni tó ń fa páìpù wá bá a ní ọ́fíìsì. "Ó ku díẹ̀ kí páìpù wa dé ibi páìpù ńlá ojú ọ̀nà, sà. Ẹ bá wa sún ayẹyẹ ìṣíde ẹ̀rọ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀!" Yọjú dìde lórí ìjókòó. "Àwọn oníkámẹ́rà ń bọ̀ lọ́la! Ìwọ ọkùnrin yìí, gbọ́ mi dáadáa. Omi lè dúró de kámẹ́rà, kámẹ́rà kì í dúró de omi."

Ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mi orí bí ẹni gbọ́ ìwàásù. Olùbádámọ̀ràn rẹ̀ pàtàkì ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ìmọ̀ràn tó ti ń gbani láti ọdún yìí wá kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ, ìyẹn náà ni wọ́n sì fi ń pè é: Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọ̀rọ̀ omi sì parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga, wọ́n fi rìbọ́nnì pupa yí ẹ̀rọ omi ká. Yọjú gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ní oríire yìí! Kí n tó dé, kí lẹ ń mu? Òùngbẹ! Kí lẹ fi ń wẹ̀? Ìrètí! Lónìí, èmi tí mo ti bá àwọn alágbára ayé jókòó, èmi tí àwọn àjèjì ń gbọ́ ohùn mi tí wọ́n ń ṣí fìlà, mo rẹ ara mi sílẹ̀, mo wá síwájú ẹ̀rọ omi lásánlàsàn. Bí àwọn ọmọ yín bá bi yín pé ta ló dá omi, kí lẹ máa sọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ti yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Yọjú gé rìbọ́nnì, ó ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ húkọ́. Ó mí kanlẹ̀. Aáyán kan jáde síta, ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀, ó sì padà sínú. Kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ì bá tọrọ àforíjì kí a máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń yà. Yọjú gbé ife sábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó dúró títí ife fi kún fún afẹ́fẹ́, ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbé e mì tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dún gbì.

"Háà!" ló ní. "Omi yìí tutù! Ó tún dùn!"

Ó na ife náà sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ìyẹn mu tirẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tiẹ̀ ti fẹ́ tutù jù fún eyín mi." Báyìí ni àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n má kún tòun jù. Òmíràn ní òun máa bu díẹ̀ lọ fún ìyàwó òun. Akápò ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe é ju gbogbo wọn lọ, ló bá ṣe bí ẹni tí omi sá sí lọ́nà ọ̀fun, ó ń wúkọ́, àwọn méjì sì ń lù ú lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti dúró láti àárọ̀ pẹ̀lú garawa rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ, ó dúró, ó wo inú rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ó wo àbúrò rẹ̀ tààrà. Yọjú kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí kò sí kámẹ́rà ní ìhà ibẹ̀.

Àṣé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ẹ̀rọ omi náà gan-an. Aṣọ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán ló ń fi fóònù yà, kó lè fi han àwọn oníbàárà rẹ̀, kó tó yí fóònù sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mu afẹ́fẹ́. Ó gbé fídíò náà sórí Gbàgede, ojú òpó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo ayé ń lò, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wá mu omi Mínísítà, kì í tán láéláé." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ ibi tí orílẹ̀-èdè náà wà ti ń gbé ife òfìfo sókè níbi ọjọ́ ìbí, tí wọ́n ń ní omi yìí tutù, ó tún dùn.

Orí Yọjú fò lọ. Ó pe ìpàdé. Ó ní ìwà ọ̀daràn ni, ó kàn ku orúkọ tí wọ́n máa pè é. Wọ́n fi gbogbo àárọ̀ wá a, wọ́n sì fẹnu kò sí "ìdìtẹ̀ mọ́ omi ìjọba." Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n pe àwọn oní-Gbàgede fún òun lórí kọ̀ǹpútà, ojúkojú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yìí ṣe máa ń ṣe, kí ó má baà yà yín lẹ́nu. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan kúrò, wọ́n á kọ́kọ́ sọ pé àwọn fẹ́ràn òmìnira ọ̀rọ̀ ju ẹ̀mí àwọn lọ. Bí ìjọba bá ní òun máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, kí wọ́n má lè polówó ọjà níbẹ̀ mọ́, wọ́n á rántí pé àwọn tún fẹ́ràn òfin. Ìfẹ́ méjèèjì ń bẹ lọ́kàn wọn, wọ́n kàn ń mọ èyí tó pọ̀ jù láti ọwọ́ ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Aṣojú wọn yọ lójú kọ̀ǹpútà. Obìnrin ni, ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rín rírín ni wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́. "A kí yín, Ọlọ́lá Jùlọ. Ilé iṣẹ́ wa gbà gbọ́ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀..."

"Ṣé ẹ gbà gbọ́ nínú ìlẹ̀kùn títì?" ni Yọjú bi í.

"...a sì gbà gbọ́ nínú òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan," ni obìnrin náà fi parí gbólóhùn rẹ̀. Ẹ̀rín kò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "A ò lè yọ ọ́ kúrò lójú gbogbo ayé, sà. Àmọ́ a lè bò ó kí àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè yín má rí i."

"Àwọn ará ọ̀hún á ṣì máa wò ó?"

"Wọ́n á máa wò ó, sà."

Yọjú rò ó. Àwọn ará ọ̀hún kò lè fi ẹnikẹ́ni jẹ Igbákejì. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Àmọ́ níbí, mi ò fẹ́ kó ku ẹyọ kan. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti fi orin sí i, wọ́n ti fi ojú mi sára màlúù. Ẹ bo gbogbo ohun tí ojú mi bá ti wà nínú rẹ̀, àyàfi èyí tó bá jáde láti ìkànnì ọ́fíìsì mi."

"Gbogbo ẹ̀, sà?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀rọ ló máa ṣe iṣẹ́ náà o, kì í ṣe ènìyàn. Ojú nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Bí ojú yín bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn nínú àwòrán ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ẹlòmíràn!" Yọjú fọwọ́ lu tábìlì. "Arábìnrin, ẹ̀yìn ta ni mo máa ń dúró sí? Ẹ̀yìn mi ni àwọn ènìyàn ń dúró sí!"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà la ẹnu. Ó wo ògiri ọ́fíìsì náà, níbi tí fọ́tò Olórí pọ̀ sí bí ìràwọ̀, tí ojú ọ̀gá rẹ̀ sì wà léjìká gbogbo wọn. Ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ku ẹyọ kan," ni obìnrin náà wí. "Àṣà wa ni pé, níbikíbi tí a bá ti bo nǹkan, a máa ń kọ ẹni tó ní ká bò ó síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé àwa ni. Ṣé kò burú?"

"Kó burú kẹ̀? Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà! Kí ẹ sì fi Ọlọ́lá Jùlọ ṣáájú."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Tìyẹn ti bọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ayọ̀ ṣubú layọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìròyìn. Ibi tí fídíò ife òfìfo wà tẹ́lẹ̀ ti dúdú, wọ́n sì kọ lẹ́tà funfun sí i: "A bo èyí ní orílẹ̀-èdè yín. Ẹni tó ní ká bò ó: Ọlọ́lá Jùlọ, Mínísítà Ètò Ìròyìn." Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní dúdú yẹn dúdú dáadáa. Akápò sunkún ayọ̀. Yọjú tẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ọ́fíìsì tirẹ̀, gbogbo fọ́tò rẹ̀ ń dán, kò sì wo ibòmíràn.

Inú bí mi níbi tí mo dé yìí, mi ò ní purọ́. Nítorí àwọn oní-Gbàgede ò fẹ́ wàhálà, kì í ṣe fídíò nìkan ni wọ́n bò mọ́ aránṣọ yẹn lọ́wọ́. Wọ́n ti gbogbo ìkànnì rẹ̀ pa. Gbogbo aṣọ tó ti rán, tó ti yà, tó ti fi ń wá oníbàárà, gbogbo ẹ̀ lọ. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. Ohùn yín ṣe pàtàkì sí wa." Ohùn náà ló ṣe pàtàkì tí wọn kò tún fi dá a lóhùn mọ́. Ó lọ sí ọ́fíìsì Mínísítà, wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì sunkún síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Yọjú pè é lórí fóònù. "Àbúrò mi, kí ni fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ mi ṣe fún ọ? Gbogbo ẹ̀ ló ti dúdú! Ìwọ lo fi ara rẹ há àárín ọkọ àtìyàwó lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo tún wá pa iná lé wọn lórí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ ìlú ni mò ń bójú tó."

"Ìlú wo? Èyí tí kò ní omi? O pa ẹni tó ní omi kò sí lẹ́nu mọ́, ṣé omi wá dé ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní ìpàdé," ni Yọjú wí. Iwájú dígí ló wà. Ó ń kọ́ bó ṣe máa dìde nígbà tí Olórí bá dárúkọ rẹ̀, kó dà bí ẹni tí kò retí i.

Ìkìlọ̀ ti wá nìyẹn, kò gbà á. Ọjọ́ àyájọ́ sì pé. Yọjú fúnra rẹ̀ ló ti gba Olórí nímọ̀ràn pé orí ìkànnì Olórí ní Gbàgede ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè ti wo ayẹyẹ náà, torí tẹlifíṣọ̀n ti di ti àwọn arúgbó. Wọ́n gbé pátákó oníná gàgàrà sí gbogbo oríta láti máa gbé àwòrán náà jáde. Èyí tó tóbi jù wà ní pápá ìṣeré, lókè orí Olórí gan-an. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Olórí yìí láyé: kí ẹnìkan má gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọ̀nà tí òun náà gbà wọlé nìyẹn.

Olórí dìde. Àwòrán rẹ̀ gba gbogbo pátákó. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "lónìí yìí..."

Èjìká ọ̀tún kan ń wọlé bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọrùn tẹ̀lé e. Ẹ̀rín gbẹ̀yìn.

Pátákó dúdú. Ní gbogbo oríta, nínú gbogbo fóònù, Olórí pòórá láàárín ọ̀rọ̀, lẹ́tà funfun sì yọ: A bo èyí ní orílẹ̀-èdè yín. Ẹni tó ní ká bò ó: Ọlọ́lá Jùlọ, Mínísítà Ètò Ìròyìn.

Àwọn tó wà lóríta rò pé wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ Olórí. Ẹlòmíràn ti ń kó ẹrù, ẹlòmíràn ti ń kí ara wọn kú oríire. Ní pápá, àwọn tó mọ̀wé kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, orúkọ oyè Yọjú sì ń lọ lẹ́nu wọn bí orin ilé ìwé.

Yọjú sáré kúrò lẹ́yìn Olórí láti lọ bá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Bó ṣe kúrò, pátákó mọ́lẹ̀, Olórí padà wá, ó ya ẹnu sílẹ̀. Ayé hó yèè. Yọjú rò pé òun ti tún un ṣe. Ó padà wá síbi etí Olórí láti ṣàlàyé. Pátákó dúdú.

"Kúrò!" ni ẹnìkan pariwo láti òkè. Yọjú kúrò, ó mọ́lẹ̀. Ó padà, ó dúdú. "Kúrò níbẹ̀! Kúrò níbẹ̀!" Gbogbo pápá ti ń pè é báyìí, àtẹ́wọ́ ń tẹ̀lé e.

Olórí kì í tètè lóye nǹkan, àmọ́ èyí yé e ju gbogbo ìwé tí wọ́n ti kà sí i létí lọ. Ó yíjú. "Ìwọ. Ìwọ lo bo ojú mi?"

"Olórí wa, ẹ dákun, ojú ara mi ni mo ní kí wọ́n bò..."

"Ojú rẹ ń ṣe kí lára ojú mi?"

Yọjú bojú wẹ̀yìn kó rí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì kan ń di okùn bàtà tí kò ní okùn. Akápò ń wo ojú ọ̀run.

"Máa lọ," ni Olórí wí. "Máa lọ, má dúró. Bí mo bá tún rí àwòrán tó dúdú, ẹ̀wọ̀n ni."

Yọjú rin gígùn pápá yẹn kọjá, ní ojú gbogbo ayé, bó sì ṣe ń jìnnà sí i ni àwòrán ń mọ́ sí i. Olórí wò yí ká, ó rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nítòsí. "Ìwọ, ṣé o lè ṣe Mínísítà Ètò Ìròyìn láì wọnú fọ́tò mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ìyẹn wí. Oyè ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ti àga Igbákejì, Olórí ní kí wọ́n gbé e jáde, òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òun mọ́.

Wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ Yọjú, wọ́n gba ilé. Ó kó bọ́ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì, ọ̀kan kún fún fọ́tò. Ìkànnì ọ́fíìsì ti di ti ẹlòmíràn. Ó ṣí tara rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bò ó. Ó pe àwọn oní-Gbàgede. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn ló gbé e. "A kẹ́dùn, sà. Ọ́fíìsì tó ní ká bò ó nìkan ló lè ní ká ṣí i." Ó lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Bẹ́ẹ̀-ni-sà wà lórí àga rẹ̀, ara ògiri mọ́ tónítóní, kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀.

"Àbúrò mi," ni Yọjú bẹ̀bẹ̀, "ìwọ náà mọ bí mo ṣe tọ́jú rẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣí ojú mi. Ṣé wàá ṣe é?"

Ọkùnrin náà gbé e yẹ̀ wò. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò lò rí. "Rárá, sà," ló ní, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ.

Ní ti aránṣọ, àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi Gbàgede ṣe yẹ̀yẹ́. Ni Gbàgede bá tún rántí pé òmìnira ọ̀rọ̀ ni àwọn fẹ́ràn jù. Wọ́n ṣí ìkànnì rẹ̀ padà, wọ́n ní inú àwọn dùn láti dúró tì í. Owó tó ti pàdánù, wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Omi àdúgbò ńkọ́? Ẹni tó ń fa páìpù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó ku díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá, ó ní iṣẹ́ tí òun ò parí kò jẹ́ kí òun sùn dáadáa, bí wọ́n bá lè gbẹ́lẹ̀, òun á fa èyí tó kù. Gbogbo àdúgbò mú ṣọ́bìrì. Ẹ̀gbọ́n Yọjú na ọ̀kan sí i.

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, mínísítà ni mo jẹ́ o."

"Mínísítà ló máa ń sùn lórí àga ìjókòó mi? Bó o bá máa sùn nílé mi, wàá gbẹ́lẹ̀."

Ó gbẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ní ọjọ́ kejì, ó dákẹ́ àròyé. Nígbà tó yá, ó ń gbẹ́ ṣáájú àwọn yòókù, aṣọ rẹ̀ ti di ti amọ̀, kò sì rántí wo ẹni tó ń wò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, ó húkọ́, ó mí kanlẹ̀, aáyán ọjọ́sí sì fò jáde lórí omi tó ń dà ṣàà. Àwọn ènìyàn kígbe. Ẹ̀gbọ́n Yọjú ti ojú bọ inú omi náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, èèyàn ò mọ èwo ni omi ojú. Aránṣọ yọ fóònù, ó ní kí gbogbo wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí òun yà wọ́n, kí gbogbo ayé lè rí i pé àwọn ló fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Wọ́n tò. Yọjú wà lẹ́yìn. Ara rẹ̀ kò bi í kó tó ṣe é: èjìká ọ̀tún wọlé, ọrùn gùn, ẹ̀rín sì yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú," ni aránṣọ wí. Kò fi yẹ̀yẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Bí ojú yín bá wọ̀ ọ́, wọ́n á bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí omi náà."

Yọjú wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà gan-an, ẹni tó gbé e pọ̀n láti kékeré, àmọ́ ó ti fi orí ru omi pẹ́.

"Àbúrò mi," ló ní, "gba fóònù lọ́wọ́ aránṣọ kóun náà lè wọnú fọ́tò. Ìwọ ni kó o yà wá."

Ó gba fóònù. Ó sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí gbogbo wọn fi wọlé tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ, ẹni tó ń fa páìpù, àwọn aládùúgbò àti omi tó ń dán láàárín wọn. Ó dùn ún. Ojú gbogbo ayé ló wà níbẹ̀ àyàfi tirẹ̀, àyè kan kò sì ṣẹ́ kù. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì yà wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu omi sínú ife, ó gbé e fún un. Kò sí kámẹ́rà kankan tó kọjú sí i. Ó mu ún tán, kò sọ pé ó tutù, kò sì sọ pé ó dùn. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun.